Ta Ni Ó Ya Àwòrán Náà?

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì bá jókòó láti ṣe áàpù àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tí yóò máa ya ọnà aláràbarà sí ojú fóònù, ìbéèrè kan yóò dìde ní agbolé: ta ni ó ya àwòrán náà, ọmọ ni àbí ẹ̀rọ?

Ìbéèrè náà ti pẹ́. Ní ọdún 1965 ni wọ́n pàtẹ àwòrán tí Georg Nees fi kọ̀ǹpútà yà ní Stuttgart, ní Jámánì. Vera Molnár, ayàwòrán tí ó fi Paris ṣe ibùgbé, bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà ní 1968. Ṣùgbọ́n kí ó tó rí ẹ̀rọ lò, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń tẹ̀lé òfin tí ó là sílẹ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà.

Ohun méjì ni irú áàpù bẹ́ẹ̀ ń lò: òfin àti kòńgẹ́. Ọmọ náà ni ó kọ òfin; iye tí ẹ̀rọ bá ṣà ni ó ń sọ ibi tí ìlà yóò yà sí. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú dé. Ìdí nìyí tí odù fi jẹ́ 256. Lójú fóònù, ipele 256 náà ni pupa sábà ní, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Àpapọ̀ wọn ju mílíọ̀nù 16 lọ.

Ẹ̀rọ lè ya ẹgbẹ̀rún àwòrán kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí ó yẹ kí a dá sí. Ẹni tí ó kọ òfin ni yóò wò ó, tí yóò sì tún òfin náà kọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ó sì fi ọnà kún ẹ̀yìn àwọn ère ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà dé ibi ìpàtẹ ní Wembley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1924. Ta ni yóò sọ pé ọ̀bẹ ni ó gbẹ́ ẹ?

Nítorí náà, ọ̀dọ́ náà ni ó ni ìyìn, òun náà ni ó sì ni ẹ̀bi. Bí ó bá kó ọnà aládìrẹ kan sínú áàpù rẹ̀ láìgba àṣẹ, kò lè ní ẹ̀rọ ni ó jalè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yá ọgbọ́n, kí ó dárúkọ ẹni tí ó yá a lọ́wọ́ rẹ̀.