Wákàtí Tí Ó Jẹ́ Tiwa
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìkòtún

   A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà, kò tíì fi ojú kan ibùsùn. A kò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwọn aṣojú wa wà lẹ́nu ìyẹn. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni a fẹ́ sọ: wákàtí tí ẹ bá ti jáde ní ẹnu géètì, tí ẹ ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, tí ẹ ti já ọkọ̀ fún ẹlòmíràn. Ta ni ó ni wákàtí náà? Kí ni ẹ sì ń fi í ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ṣe rí i gbà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1886, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn níbẹ̀. Ní ọdún 1887 wọ́n so mẹ́rin nínú àwọn tí ó ṣíwájú wọn kọ́. Nítorí wọn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àgbáyé ṣe ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Ní ọdún 1919, nígbà tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀, àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ pàá ni pé kí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ má ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, kí ó má ju 48 lọ lọ́sẹ̀. Ohun tí àwọn baba wọ̀nyẹn ń wí kò le: wákàtí 8 fún iṣẹ́, wákàtí 8 fún oorun, wákàtí 8 fún ohun tí ọkàn òṣìṣẹ́ bá fẹ́.

Ẹ̀yin ará, ìdá kẹta yẹn ni ọ̀rọ̀ wa. Ẹ ó sọ pé ní Alímọ̀ṣọ́ yìí ojú ọ̀nà ti jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀, ofátáìmù sì ti jẹ mẹ́ta mìíràn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí ó kù ńkọ́? Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń gba tirẹ̀, ìsọ̀ párága tí ó wà ní ìdí gáréèjì ń gba tirẹ̀. Ohun tí àwọn kan kú lé lórí, a kò gbọdọ̀ dà á sí gọ́tà.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí ni pé kí olúkúlùkù yín wá ohun ìgbafẹ́ kan. Ohun ìgbafẹ́ ni ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ nítorí pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ, kì í ṣe nítorí pé ọ̀gá rán an. Ó lè jẹ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, ìwé kíkà, ayò títa, fọ́tò yíyà, ìlù lílù tàbí gbígbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó jẹ́ ogún ọdún tàbí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò tíì pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ó dára, nítorí pé owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ń wọlé, ẹrù ilé kò sì tíì pọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

A ó mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní ọdún 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún kan ra kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń pè ní Brownie D. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni J. D. 'Okhai Ojeikere. Kámẹ́rà yẹn ni ó gbé e dé ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun orí àwọn obìnrin wa: dídì, kíkó, olówùú. Ó ya bí ẹgbẹ̀rún kan. Irun tí a ń rí lójoojúmọ́ tí a kò kà sí nǹkan kan, òun kà á sí. Ní ọdún 2000, ìlú Paris ṣe àfihàn àwọn fọ́tò náà. Ó kú ní ọdún 2014, ṣùgbọ́n irun àwọn ìyá wa kò bá a kú.

Ẹnìkejì ni gbogbo yín mọ̀ ní orúkọ. Bí ọmọ kan nínú ilé kò bá lè jókòó sí ojú kan, kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é? Àjàlá Travel. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé orin lásán ni, nítorí pé Olóyè Ebenezer Obey ti fi í kọrin. Ènìyàn ni o. Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Ghana ni, Èkó yìí ni ó sì ti dàgbà. Ó lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ní ọdún 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Chicago, ìlú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn, títí dé Los Angeles ní etí òkun kejì. Ọ̀nà náà ju 2,000 máìlì lọ. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó wọ̀, ó sì ń dúró lójú ọ̀nà láti sọ fún àwọn aláwọ̀ funfun irú ènìyàn tí a jẹ́. Ẹ rántí pé ní àkókò náà, ilé oúnjẹ púpọ̀ wà ní Amẹ́ríkà tí ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gun alùpùpù Lambretta káàkiri ayé. Ó dé India, ó dé Soviet, ó dé Iran, ó dé ilẹ̀ Lárúbáwá àti Israel, ó dé Australia. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọ̀kadà mọ ohun tí ó jẹ́ kí ènìyàn gun Lambretta ní ọ̀nà jíjìn. Ó kú ní Èkó yìí ní ọdún 1999. A kò gbọ́ pé ó fi ilé àwòṣífìlà sílẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ìwé kan, *An African Abroad*, tí wọ́n tẹ̀ ní London ní ọdún 1963. Ibi tí a ń lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rìn ju ti Àjàlá lọ lórí ọkọ̀ ojú omi àti nínú ọkọ̀ ẹrù, ṣùgbọ́n òun jókòó, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wá sí Èkó ní ọjọ́ 41 láti tọrọ owó fún ìjà àìsàn rọpárọsẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Àjàlá kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò ṣeé ṣe.

Nísinsin yìí, a yí ojú sí ẹ̀yin àgbà. Nínú ìjọ òṣìṣẹ́ wa ní Alímọ̀ṣọ́, àwọn tí ìdílé wọn ti gbé Ghana rí kò mọ níwọ̀n. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ejìgbò àti Ṣakí ni wọ́n. Àwọn òbí wọn tajà ní Kumasi, ní Accra àti ní Tamale. Títí di òní, bí ẹ bá dé Abidjan, ẹ ó bá àwọn ará Ejìgbò níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ dé Ọ̀ṣun. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ gbígbé wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kúrò. Ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tí kò mọ Nàìjíríà rí di ẹrù sórí.

Ọdún mẹ́tàlá àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó lọ, àwọn ará Ghana ni ó pọ̀ jù. Olùkọ́ wà nínú wọn, bíríkìlà wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bíi tiwa wà nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kẹ́rù ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go ní ọjà Ìkòtún títí di òní. A bèèrè lọ́wọ́ yín: bí àwọn tí wọ́n lé ní 1969 bá ti sọ ìtàn wọn dáadáa fún wa, ṣé àwa òṣìṣẹ́ ìbá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní 1983? Ìtàn tí a kò sọ ni ó ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Òmíràn wà tí ó ń pa ọmọ. Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ lọ sí òkè òkun pọ̀ láàárín yín, a kò sì ní bú yín. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ òtítọ́ fún yín? Ẹni tí ó bá ti London dé a máa sọ ti iná mànàmáná àti ọ̀nà dídán. Kì í sọ ti òtútù àti iṣẹ́ òru. Kì í sọ pé ní àkókò 1960, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń kàwé níbẹ̀ gbé ọmọ ìkókó wọn fún òyìnbó tọ́ nítorí pé iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Àìsọ òtítọ́ yìí ni alárinà fi ń rí ọmọ wa kó gba Agadez lọ sí aṣálẹ̀ àti Libya. Láti ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn padà wá sí Èkó, wọn kò mú nǹkan kan bọ̀ ju ojú ọgbẹ́ lọ. Igi gàǹgàǹran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ta ni yóò fi igi náà hàn wọ́n bí kò ṣe ẹni tí ó ti gba ibẹ̀ kọjá? Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ fi àkísà náà hàn wọ́n.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ẹ̀ka mú wá síwájú yín.

Èkíní, ẹ gba líìfù yín. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, abala 18, sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ṣe oṣù 12 gbọ́dọ̀ gba ìsinmi tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Òfin náà kò sì gbà kí ọ̀gá fi owó rọ́pò ìsinmi yìí fún ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kí ó ta líìfù rẹ̀, kí ó wá rí wa kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Èkejì, ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, gbọ̀ngàn yìí yóò ṣí sílẹ̀ láti aago mẹ́rin. Ẹni tí ó mọ ayò, kí ó gbé ọpọ́n wá. Ẹni tí ó mọ kámẹ́rà, kí ó kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta, àgbà kan yóò máa jókòó síwájú ní ọjọ́ náà láti sọ ìrìn-àjò rẹ̀: Ghana, Abidjan, London, Jẹ́dà, ibikíbi. Kí ó sọ dídùn, kí ó sọ kíkan. Ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀wé yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. Bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kò bá mọ̀wé, ìyẹn kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹnu ni a fi ń sọ ìtàn.

Ẹ̀yin ará, ọ̀gá ni ó ni ẹ̀rọ, ọ̀gá ni ó ni ọkọ̀. Wákàtí tí a bá ti jáde ní géètì, àwa ni a ni ín. Ẹ má ṣe fi í tọrẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ yóò gbè wá o.