ÀWỌN TÍ Ó LA Ọ̀NÀ RÓÒMÙ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló mọ iyì ọ̀nà tó dára. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ wá síwájú yín. Ní ọdún 312 kí a tó bí Kristi, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Appius Claudius bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan láti Róòmù dé ìlú Capua. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ọ̀nà náà, Via Appia. Títí di òní, ènìyàn ṣì ń rìn lórí apá kan rẹ̀.

Kò sí katakata, kò sí ọ̀dà. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ títí wọn yóò fi kan ibi tó le. Wọ́n á to òkúta ńlá sísàlẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn lé e, wọ́n á sì gún un mọ́lẹ̀. Lórí ọ̀nà pàtàkì, wọ́n tún máa ń to òkúta pẹlẹbẹ sókè. Àárín ọ̀nà ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí omi òjò lè ṣàn sínú gọ́tà. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ pé omi ni ọ̀tá títì.

Ta ló ṣe làálàá náà? Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn ọmọ ogun ni. Orúkọ ìjòyè wà lára ọ̀nà. Orúkọ ẹni tó fọ́ òkúta kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà kan wọ́n la ẹnu, òpìtàn Tacitus sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 14 lẹ́yìn ìbí Kristi, Augustus ọba wọn kú, Tiberius sì gorí oyè. Ní ilẹ̀ Pannonia, ọmọ ogun lásán kan tí ń jẹ́ Percennius dìde láàárín ẹgbẹ́ ogun mẹ́ta. Ó ní owó idẹ mẹ́wàá ni owó iṣẹ́ àwọn lóòjọ́. Nínú rẹ̀ ni aṣọ àti ohun ìjà ti ń jáde, àti rìbá tí wọ́n fi ń bẹ ọ̀gá kí ó má nà wọ́n. Àwọn kan ti sìn fún 30 ọdún, àwọn mìíràn 40. Ó ní kí wọ́n san denarius kan lóòjọ́, owó fàdákà, kí iṣẹ́ sì parí ní ọdún 16.

Àwọn kan nínú wọn wà ní Nauportus, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Slovenia lónìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀nà àti afárá. Bí wọ́n ti gbọ́, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ̀gá wọn, Aufidienus Rufus, bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n di ẹrù rù ú, wọ́n ń bi í bóyá ó dùn ún rù. Ọmọ ogun lásán ni Rufus fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọ̀gá, ìyà tó ti jẹ rí ló fi ń jẹ àwọn ẹlòmíràn, ó tilẹ̀ fi kún un. Ẹ̀yin ará, irú fóómàn bẹ́ẹ̀ kò tíì tán láyé.

Ṣé wọ́n borí? Ó ṣe ni láàánú. Àwọn ti Nauportus kó ẹrù àwọn ará abúlé, ibẹ̀ ni ọ̀gá ogun ti rí ẹ̀sùn tó fi na àwọn kan tó sì tì wọ́n mọ́lé. Lẹ́yìn náà, òṣùpá ṣókùnkùn lóru, wọ́n rò pé àwọn òrìṣà ń bínú, ìṣọ̀kan wọn sì tú. Wọ́n pa Percennius. Tiberius kọ́kọ́ gbà fún wọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 15 ó fagi lé ọ̀rọ̀ ọdún 16, ó dá a padà sí 20.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ kì í fọwọ́ kan ẹrù ẹlẹ́rù. Èkejì, kí ìbẹ̀rù má tú wa ká. Ẹ̀kẹta ló tóbi jù: ìlérí tí a fi ìṣọ̀kan gbà, ìṣọ̀kan náà ni a ó fi máa ṣọ́ ọ. Bí a bá ti gbà á tán tí olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ, ẹni tó ṣe é yóò mú un padà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.