Táyà Ọkọ̀ Wa Nínú Òjò, Nínú Ooru àti Nínú Ọyẹ́
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omi lé kúrò nílé sọ

Ní ìpàdé tó kọjá, omi mímu àti ẹ̀fọn ni a sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan wá bá wa lẹ́yìn rẹ̀ pé ohun tó ń jẹ àwọn lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀fọn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹun, tí kẹ̀kẹ́ náà sì lo ọjọ́ mẹ́ta nínú omi, fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tó ní ọkọ̀ akérò ń béèrè bóyá táyà tókúnbọ̀ mẹ́rin sàn ju tuntun méjì lọ. Ìbéèrè gidi ni. Owó ìrànwọ́ tó ń tẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá fi ra táyà tí kò dára ti fi owó oúnjẹ àwọn ọmọ ṣòfò, èrò tó sì gbé lè má délé.

A kì í ṣe mẹkáníìkì. Ohun tí a fẹ́ sọ yìí, ẹnu àwọn awakọ̀ tó wà láàárín yín la ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, àti ẹnu fọkanáísà tí omi lé kúrò nílé tirẹ̀ náà, tó ń sùn sínú gbọ̀ngàn yìí bíi ti ẹ̀yin. Ìyókù, ohun tí àwọn tó ń ṣe táyà fúnra wọn kọ sára táyà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí táyà ti ń wá. Nígbà kan, a máa ń ṣe táyà nílé. Ilé iṣẹ́ Michelin tó wà ní Port Harcourt ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 2007, Dunlop náà sì dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà tí à ń lò ti ń wá. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò fàyè gba kíkó táyà tí wọ́n ti lò wọlé, àyàfi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìsọ̀ tókúnbọ̀ kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á pé, "Táyà gbogbo ìgbà nìyí, òjò ò rí i gbé ṣe, oòrùn ò rí i gbé ṣe." Ó yẹ ká mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ yín tó ń wakọ̀ ní Chicago ń rí yìnyín ní oṣù kìíní, ó sì ń rí ooru tó mú bíi tiwa ní oṣù keje. Tẹ́lẹ̀, táyà méjì ló yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní, ọ̀kan fún òtútù, ọ̀kan fún ooru. Ní 1977 ni Goodyear gbé táyà kan tí wọ́n pè ní Tiempo jáde, kí ẹyọ kan lè ṣiṣẹ́ yíká ọdún. Báyìí, irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gbé jáde láti ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà M àti S ni ẹ máa rí lára rẹ̀: ẹrẹ̀ àti yìnyín ni wọ́n dúró fún. Àwọn tó ń lò ó lọ́hùn-ún máa ń sọ pé ó ń gbìyànjú nínú òjò àti nínú yìnyín díẹ̀, ṣùgbọ́n tí yìnyín bá ti jinlẹ̀, ó máa ń yọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ ọ́ di dandan ní Quebec, ní ilẹ̀ Kánádà, pé kí ọkọ̀ lo táyà yìnyín pọ́ńbélé nígbà òtútù. Jámánì náà ní òfin tó jọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Tí wọ́n bá ta ọkọ̀ tàbí táyà yẹn síta, tó sì gba Kùtọnù tàbí Èkó wọlé, kò sẹ́ni tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìsọ̀. Táyà yìnyín pọ́ńbélé máa ń ní kòtò jíjìn lójú, ó sì máa ń dà bí ẹni pé wọn kò tíì lò ó rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe rọ́bà rẹ̀ kó lè rọ̀ nígbà tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ ju ìwọ̀n 7 lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru ti Celsius. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tiwa tó mú jù lọ kò sún mọ́ ibẹ̀. Lórí ọ̀dà wa tí oòrùn ti yan, rọ́bà yẹn á rọ̀ jù, á sì máa jẹ lọ bí ọṣẹ. Awakọ̀ kan láàárín yín tó máa ń na Ìbàdàn sí Òṣogbo sọ fún wa pé òun ra mẹ́rin, inú òun dùn sí i, àmọ́ kí òjò ọdún kejì tó dé, ó ti pá. Ó ní ohun tó ba òun lẹ́rù jù kì í ṣe pé ó jẹ tán kíákíá. Nígbà tí òun bá yà fún kòtò lójú ọ̀nà ní ọ̀sán gangan, ọkọ̀ á máa fì bí ẹni tó mutí. Àmì tí ẹ fi máa dá a mọ̀ ni àwòrán òkè onígun mẹ́ta tí yìnyín kan wà láàárín rẹ̀. Àwọn táyà gbogbo ìgbà kan náà ń ní àmì yìí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i lára tókúnbọ̀, tí ojú rẹ̀ sì kún fún ìlà wẹ́wẹ́ bíi pé abẹ ni wọ́n fi là á, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni í.

Táyà gbogbo ìgbà ńkọ́? Ní tiwa, ó sàn ju ti yìnyín lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n "gbogbo ìgbà" tí wọ́n ń wí, ìgbà tiwọn ni. Tiwa kò ní yìnyín rárá. Òjò ńlá àti ooru ni ọ̀tá táyà wa, nítorí náà ẹ wo ohun méjì tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Níbi tí wọ́n kọ Traction sí, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ń di ilẹ̀ mú nínú omi: AA ló ga jù, lẹ́yìn náà A, B àti C. Níbi tí wọ́n kọ Temperature sí, A ló fara da ooru jù, C ló kéré jù. Ẹni tó ń na ọ̀nà jíjìn ní ilẹ̀ yìí, kó má ra C.

Ọjọ́ orí táyà ló kàn. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ máa rí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́mbà kan tí nọ́mbà mẹ́rin parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń sọ fún wa pé kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin. Ẹ máa bá táyà pàdé tí kò tíì fọwọ́ kan ọ̀dà rí, tó sì ti gbó nínú ìsọ̀, nítorí rọ́bà ń gbó bí ara ènìyàn ṣe ń gbó. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó dáadáa: bó bá ń sán wẹ́wẹ́, ẹ má fowó sí i. Ẹ tún nawọ́ sínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan máa ń ki táyà méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, bọ inú ara wọn kí wọ́n lè kó púpọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan. Táyà tí wọ́n bá ká kò báyìí, wáyà inú rẹ̀ ti lè ṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì lè jẹ́ tuntun. Àwọn mìíràn a máa fi irin gbígbóná gbẹ́ kòtò tuntun sójú táyà tó ti pá. Ohun tí wọ́n gbẹ́ kúrò yẹn ni ìwọ̀nba rọ́bà tó kù láàárín afẹ́fẹ́ inú táyà àti ọ̀nà. Fọkanáísà wa rẹ́rìn-ín nígbà tí a béèrè bí àwọn oníbàárà ṣe ń yẹ táyà wò. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn kàn máa ń fi ẹsẹ̀ gbá a ni.

Kí ni kòtò ojú táyà wà fún? Omi ló wà fún. Bí òjò bá rọ̀ sójú ọ̀dà, kòtò yẹn ni omi ń gbà jáde kí rọ́bà lè kan ilẹ̀. Bí kò bá sí kòtò mọ́, tí ẹ sì ń sáré, táyà á gun orí omi. Sítíárì á fúyẹ́ lójijì lọ́wọ́ yín, ọkọ̀ kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ rọra yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, ẹ di sítíárì mú gan-an, ẹ má fi ẹsẹ̀ jan búrékì. Ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù fi lélẹ̀ ni pé kí kòtò má dín ní mìlímítà 1.6, àwọn odi kéékèèké kan sì wà nísàlẹ̀ kòtò tó ń fi ìwọ̀n yẹn hàn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá rí i, kó fi igi ìṣáná dùbúlẹ̀ sínú kòtò. Bí igi náà bá yọ sókè ju rọ́bà lọ, táyà yẹn ti parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ la fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní owó púpọ̀, òun ló sì ń fa kí táyà bẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé tí ooru bá mú, ó yẹ kí ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde kí táyà má baà bẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀, á nà, á tún tẹ̀, bó ṣe ń yí lọ. Títẹ̀ yẹn ló ń dá ooru sílẹ̀ nínú rẹ̀ títí ojú táyà á fi ṣí kúrò lára. Ní oṣù kẹjọ 2000, Firestone ní Amẹ́ríkà pe táyà tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ padà, tí púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ ọkọ̀ Ford Explorer, nítorí ojú wọn ń ṣí kúrò lórí eré. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru ti mú, bíi Arizona, Texas àti Florida, ni jàǹbá náà ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tí kò pọ̀ tó wà lára ohun tí wọ́n jọ ń bá ara wọn fà.

Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Nọ́mbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ ni. Ìyẹn ni òpin tó lè gbà. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Ní ìgbà ọyẹ́, tí àárọ̀ bá tutù tí ọ̀sán sì gbóná, gééjì lè fi nǹkan bíi ẹyọ méjì sí mẹ́ta yàtọ̀ láàárín ọjọ́ kan náà. Ẹ má tú u. Yóò padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lálẹ́.

Nísinsìnyí, ọkọ̀ tó ti wà nínú omi. Omi àgbàrá tó wọ ilé yín kì í ṣe omi lásán. Ó gbé dísù àti ọ́ìlì láti inú jẹnẹrétọ̀ àti ìsọ̀ mẹkáníìkì, ọ́ìlì sì ń jẹ rọ́bà. Ọṣẹ àti omi mímọ́ ni kí ẹ fi fọ táyà, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹ wá ìṣó àti páànù wẹ́wẹ́, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ inú tí ojú kì í tètè rí. Bí ibi tó gé bá jìn débi wáyà, omi ti wọlé, ìpẹtà á sì máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Táyà tó bá ti jò nígbà tó wà nísàlẹ̀ omi, ẹ jẹ́ kí fọkanáísà tú u kúrò lára rímù, kó gbẹ ẹ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìpẹtà rímù. Ti ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lo tíúbù, iyanrìn tó wọ àárín tíúbù àti táyà á máa lọ tíúbù bí ata, nítorí náà ẹ tú u bí kò tilẹ̀ jò. Gírísì inú bẹ́áríǹ náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gba inú omi kọjá, ẹ rántí pé omi tó tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí kò tíì dé orúnkún àgbàlagbà, lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó. Bí ẹ bá jáde nínú omi, ẹ rọra máa tẹ búrékì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Sí ìbéèrè bàbá onímọ́tò wa: tuntun méjì, kì í ṣe tókúnbọ̀ mẹ́rin. Kí ẹ sì fi méjèèjì sẹ́yìn. A mọ̀ pé iwájú ni àṣà wa. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ẹ lè dín eré kù kó padà bọ̀ sípò. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyókù owó, ẹ fi ra oúnjẹ. Owó yín ni, a ò ní fi dandan lé e pé kí ẹ ra táyà.

Ohun tí a fi dandan lé ni ti àwọn ọkọ̀ tí yóò kó yín padà sílé. A ti sọ fún àwọn onímọ́tò pé èyí tí táyà rẹ̀ bá ti pá kò ní gbé ẹnikẹ́ni nínú yín. A gbọ́ pé àwọn kan ń kùn pé èyí á fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún ọjọ́ tí ẹ máa lò níbí. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. A fara mọ́ ọn.

Ní Sátidé, láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀, fọkanáísà wa yóò wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú gééjì méjì. Ọ̀fẹ́ ni wíwọn afẹ́fẹ́ àti kíka ọjọ́ orí táyà, ẹ̀ka ìrànwọ́ yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì lè rìn, kó yọ táyà náà wá. Ẹ má gbàgbé sípéà.