Ojú tí Ọmọdé Fi Ń Wo Ebi

Ìtàn kúkúrú kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀ lónìí. “Hitting Budapest” ni wọ́n ń pè é. NoViolet Bulawayo, ọmọ Zimbabwe, ló kọ ọ́. Boston Review ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2010. Ó gba ẹ̀bùn Caine Prize lọ́dún 2011, nígbà tó sì di 2013, òun ló ṣí ìwé We Need New Names tí òǹkọ̀wé náà gbé jáde.

Ìtàn ọ̀hún ò gùn. Darling, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń sọ ọ́ fún wa, nípa òun àti Bastard, Chipo, Godknows, Sbho pẹ̀lú Stina. Ebi ń pa wọ́n. Wọ́n yọ́ kúrò ní Paradise, àdúgbò ahéré páànù tí wọ́n ń gbé, wọ́n sọdá títì tí wọn ò gbọdọ̀ sọdá, ó di Budapest, níbi tí àwọn olówó kọ́lé sí. Gúáfà ni wọ́n fẹ́ lọ jí ká. Chipo, ọmọ ọdún 11, ti lóyún. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí Stina, torí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Chipo. Báwo ni Darling ṣe sọ ọ̀rọ̀ oyún yẹn? Kò sunkún sí i, kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé tẹ́lẹ̀, Chipo ló máa ń sáré ju gbogbo àwọn lọ. Ní báyìí kò lè sáré mọ́, wọ́n sì ní láti máa dúró dè é. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ń wọn àjálù nìyẹn: ẹni tí a jọ ń sáré ò lè sáré mọ́. Àgbà tó bá ń sọ ìtàn yìí ì bá ti pe ọlọ́pàá, ì bá ti pe Ọlọ́run. Darling ò lọ síbẹ̀, nítorí kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi débẹ̀. Àwa tí a ń kà á la ní láti gbé ìwúwo tí ọmọ náà ò mọ̀ pé òun ń rù. Ibi tí iṣẹ́ ọnà ìtàn yìí wà gan-an nìyẹn, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ń kánjú kọjá níbẹ̀.

Ó tún kù. Wọ́n dé Budapest, obìnrin kan tó ti London wá ṣàbẹ̀wò jáde sí wọn lẹ́nu géètì. Ó ń jẹ nǹkan. Kò jẹ ẹ́ tán, ó sọ ìyókù nù. Àwọn ọmọ yìí ò rí kí ènìyàn ju oúnjẹ nù rí. Ojú gbogbo wọn bá oúnjẹ náà lọ. Obìnrin náà béèrè ọjọ́ orí wọn, ó gbé kámẹ́rà, ó yà wọ́n ní fọ́tò. Kò fún wọn ní nǹkankan jẹ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ yá mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ń wo àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ń wo oúnjẹ, ojú wọn ò sì pàdé.

Mo dárúkọ kámẹ́rà yẹn nítorí àríyànjiyàn kan tó ti wà nílẹ̀. Lọ́dún 2011, Ikhide Ikheloa, ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ wa, bínú sí àwọn ìtàn tó wọ àṣekágbá ẹ̀bùn Caine Prize, pé ìṣẹ́ àti ìyà Áfíríkà nìkan ni wọ́n ń pàtẹ. Òǹkọ̀wé Helon Habila náà gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ dìde nígbà tó ń yẹ We Need New Names wò nínú ìwé ìròyìn Guardian ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2013. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ẹ̀sùn wọn kì í sì í ṣe àsọdùn: ebi, oyún ọmọdé, òkú tó rọ̀ sórí igi, gbogbo rẹ̀ nínú ojú ìwé díẹ̀. Síbẹ̀ mi ò gbà pé òǹkọ̀wé yìí ń tajà ìyà. Ó ti fi òǹtajà náà sínú ìtàn, pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bú u bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ní ti òkú yẹn, lọ́nà ilé ni wọ́n ti rí i, obìnrin kan tó pokùn so. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sá. Bastard ló dá wọn dúró: bàtà obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun, tí wọ́n bá tà á, wọ́n á rówó búrẹ́dì. Ni wọ́n bá sáré padà, tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ti gbọ́ táwọn kan sọ pé ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyí ti kú. Kò kú, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà wọ́n. Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ta wá ni ó fi ebi síbẹ̀? Darling ò sọ fún wa nínú ìtàn kúkúrú yìí. Ṣùgbọ́n lóṣù karùn-ún ọdún 2005, ìjọba Robert Mugabe bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Murambatsvina, wọ́n ń wó ilé àti ìsọ̀ àwọn aláìní káàkiri ìlú ńláńlá Zimbabwe. Anna Tibaijuka tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ wò ó jábọ̀ pé nǹkan bí 700,000 ènìyàn ló pàdánù ilé, tàbí ọ̀nà àtijẹ, tàbí méjèèjì. Bulawayo fúnra rẹ̀ ti sọ pé fọ́tò ọmọ kan tó jókòó sórí àwókù ilé wọn ló ta òun jí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó lóṣù keje ọdún 1990, nígbà tí katapílà wọ àdúgbò Maroko tó ń wó ilé, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, tẹ́ ẹ bá gbé ìtàn yìí wọ kíláàsì, ẹ má fi ìbéèrè “ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́” bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣẹ́ ò dára, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ẹ ní kí wọ́n tún ìran ẹnu géètì yẹn sọ láti ẹnu Chipo, lédè Yorùbá, ní ojú ìwé kan péré, kí wọ́n má sì jẹ́ kó sọ ohun tí ọmọ ọdún 11 ò lè mọ̀.