Ixora Kúkúrú fún Iwájú Gbọ̀ngàn Wa: Gbígbìn Rọrùn, Ìtọ́jú Ni Iṣẹ́

  

Ọ̀rọ̀ òdòdó tá a fẹ́ gbìn síwájú gbọ̀ngàn ìlú àti ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Àwọn kan ti ń béèrè lórí WhatsApp pé, ṣé òdòdó ló kàn báyìí? Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi ni pé, tá a bá máa náwó sí i rárá, ẹ má jẹ́ ká ná an sórí ohun tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ máa pa.

Ixora ni mo dábàá, oríṣi rẹ̀ tó kúrú. Ẹ mọ̀ ọ́n: ewé rẹ̀ ń dán, kì í wọ́wé tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ sì máa ń ṣù pọ̀ sórí ẹ̀ka, pupa, yẹ́lò tàbí funfun. Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá, àmọ́ mọ̀lẹ́bí kọfí àti orúwo ni. Oríṣi ńlá lè ga ju èèyàn lọ. Èyí tó kúrú kì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3, kò ní í dí fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀tá rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fura sí ni sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan, ni Ixora fẹ́. Ẹfun inú sìmẹ́ńtì ló ń ba ìkan yẹn jẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, tàbí sórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù táwọn bíríkìlà bò mọ́lẹ̀, ewé rẹ̀ á di yẹ́lò, iṣan ewé nìkan ló máa ṣẹ́ kù ní tútù. Wọ́n á ní ebi ló ń pa á, wọ́n á da ajílẹ̀ sí i, kò sì ní í yí padà. Oúnjẹ wà nílẹ̀, kò rí i jẹ ni. Eérú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má da á sí ìdí rẹ̀. Ẹ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán, kẹ́ ẹ kó àfọ́kù kúrò, kẹ́ ẹ sì fi ilẹ̀ dúdú àti ewé tó ti jẹrà dí kòtò.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kẹ́ ẹ gbìn ín, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, kí gbòǹgbò ti mú ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ibi tí oòrùn ti ń pa á bíi wákàtí 6 lóòjọ́ ló ti ń yọ òdòdó dáadáa. Ẹ fi bíi ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín ìdí kan sí èkejì, kẹ́ ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí omi má tètè gbẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń háyà ilé l'Ékòó, tí ẹ ò nílẹ̀, ike ọ̀dà tó ti ṣófo tó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀ kí omi má dá sínú. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀, tó bá ti gbẹ, ẹ bu omi sí i. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, inú ilé ni tiyín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Òtútù ìta máa pa á.

Ẹ má máa gé e lemọ́lemọ́ bí irun orí. Ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti ń yọ òdòdó. Ẹni tó bá ń gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òdòdó gan-an ló ń gé dànù. Tí òdòdó bá rẹ̀ tán ni kẹ́ ẹ gé e díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí èèrà tó ń tò gun un, ẹ yẹ abẹ́ ewé wò fún kòkòrò, kẹ́ ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? A ò ní láti ra gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka tó gùn tó ìwọ̀n 5 íǹṣì, tí kò rọ̀ jù tí kò sì le jù, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ kì í bọ yanrìn tútù níbòòji. Láàárín oṣù kan sí méjì, ó máa ta gbòǹgbò. Ìdí mẹ́wàá tá a bá rà lónìí lè bí ìyókù.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun gbìn, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹ má jẹ́ ká ka èyí tá a gbìn lọ́jọ́ tá a ya fọ́tò. Èyí tó bá wà láàyè lẹ́yìn ọyẹ́ ni ká kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín: kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan gba ìdí márùn-ún, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tó máa bomi rin wọ́n ránṣẹ́ sí akọ̀wé ká tó ra ẹyọ kan. Agbo ilé tí kò bá ní ẹni tó máa bomi, ẹ jẹ́ ká dá tiẹ̀ dúró ná.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.