Ẹ̀rọ Ìgégi tí Kò Pariwo

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ẹ̀rọ ìgégi tí ń lo iná mànàmáná. Èyí tí ń mu epo bẹntiróòlù kò ṣàjèjì sí ará oko. Bí agégi bá ń lò ó ní òdìkejì odò, gbogbo abúlé ni yóò gbọ́, olúkúlùkù yóò sì pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tí ń lo iná kò rí bẹ́ẹ̀. Kò rú èéfín, kò ké ramúramù, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń pè é ní ohun ìṣeré, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá a mú láti gé ẹ̀ka igi. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ ni, kò sùn.

Kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1926 ni Andreas Stihl, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìlú Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, ti ṣe ẹ̀rọ ìgégi tí ń lo iná mànàmáná. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn méjì ni ó ń gbé e. Ẹni tí ó sọ eyín ẹ̀rọ ìgégi di ohun tí ó dà lónìí ni Joseph Cox, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1946, ó ń la igi ìdáná lọ́wọ́ nígbà tí ó rí ìdin kòkòrò kan nínú kùkùté igi. Ìdin náà ń jẹ igi lọ sí ọ̀tún, ó ń jẹ ẹ́ lọ sí òsì, bí ìtun ti ń ṣe nínú ọ̀pẹ. Ọkùnrin yìí fi ẹnu ìdin náà ṣe àwòkọ́ṣe, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n irin tí eyín rẹ̀ ń gé ọ̀tún, tí ó sì ń gé òsì. Irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ìgégi títí di òní. Ohun tí ó bá lè jẹ ìrókò kò ní í bèèrè nǹkan kan bí ó bá kan itan ènìyàn.

Ewu tí ó tóbi jù wà ní imú ẹ̀rọ náà. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan ni ẹ̀wọ̀n eléyín yìí ń sáré yí ká. Bí apá òkè imú irin náà bá ṣèèṣì kan ẹ̀ka mìíràn, tàbí tí igi bá há a mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ náà yóò ta sókè, yóò sì padà wá sí ojú àti ọrùn ẹni tí ó dì í mú. Àwọn ọdẹ mọ bí ìbọn ti ń ta ènìyàn ní èjìká. Ṣùgbọ́n ìdí ìbọn kò ní eyín. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti ṣẹlẹ̀. Kò sí akínkanjú tí ara rẹ̀ yá tó láti yẹ̀ ẹ́. Ìdúró àti ìdìmú ni ó ń gba ènìyàn là.

Ọwọ́ òsì ni kí agégi fi di ọwọ́ iwájú ẹ̀rọ mú, kí àtàǹpàkò rẹ̀ gba abẹ́ yí i ká. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó fi di ti ẹ̀yìn mú. Ọlọ́wọ́ òsì pàápàá kò gbọdọ̀ yí i padà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣe é. Kí ó yà díẹ̀ sí apá òsì, kí orí rẹ̀ má baà wà ní ọ̀gangan ẹ̀wọ̀n. Kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ náà kọjá èjìká, kò sì gbọdọ̀ gun àkàbà pẹ̀lú rẹ̀. Asà kan wà níwájú ọwọ́ òsì. Lára ẹ̀rọ tí ó dára, bí ọwọ́ bá ti asà yìí síwájú, ẹ̀wọ̀n yóò dúró gbọn-in. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó dán asà náà wò lójú ẹni tí ń tà á. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ó dá owó rẹ̀ padà sápò.

Ẹ̀rọ elépo kì í ṣiṣẹ́ bí a kò bá fa okùn rẹ̀. Oníná kò ní okùn fífà: bí ìka bá ti tẹ ibi tí a ń tẹ̀, ẹ̀wọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ pọ́n eyín rẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ fún ẹ̀wọ̀n tí ó dẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yọ bátìrì rẹ̀, tàbí kí ó fa wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Kí ó má ṣe sọ pé òun kò ní í pẹ́. Ìka tí ó fi ń kọ ebè ni ó ń fi ta tẹ́tẹ́ yẹn. Bí iná bá lọ lójijì, kí ó fa wáyà yọ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí iná yóò padà dé.

Wáyà tín-ín-rín tí a so léra wọn a máa gbóná, a sì máa ba ẹ̀rọ jẹ́. Èyí tí ó nípọn, tí a ṣe fún ìta, ni kí a lò, kí ó sì máa gba ẹ̀yìn agégi, kí ó má baà gé e mọ́ igi. Nínú òjò tàbí lórí koríko tútù, kí iṣẹ́ dúró. Àwọn ọmọ tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà a máa fi irin iṣẹ́ ránṣẹ́ sílé. Inú rere ni, ṣùgbọ́n iná ilé wọn jẹ́ fólítì 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Ẹ̀rọ oníwáyà tiwọn tí a bá ki bọ iná wa tààrà yóò jóná. Oníná pẹ̀lú ń fẹ́ òróró fún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí ó ti dúdú kò yẹ fún un.

Lẹ́yìn ìjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré mú ẹ̀rọ yìí. Igi tí ó bá wó lu wáyà iná, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn títí àwọn òṣìṣẹ́ iná yóò fi dé. Ẹ̀ka tí igi wíwó tẹ̀ mọ́lẹ̀ dàbí ọ̀pá pàkúté tí a dẹ sílẹ̀: bí a bá gé e, yóò nà fìrì. Kí agégi má ṣe dúró sí ibi tí yóò nà sí.

Agbádá, ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ àti sálúbàtà kò bá iṣẹ́ yìí mu. Bàtà aláwọ líle, awò ojú àti ìbọ̀wọ́ ni ó yẹ. Ṣòkòtò tí a rán fún àwọn agégi ní òwú gígùn nínú, tí ń lọ́ mọ́ ẹ̀wọ̀n láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ oníná kì í rẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbójú lé ṣòkòtò nìkan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì dá lọ gé igi. Bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn, kí ẹnìkejì rẹ̀ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, láìfi ewé tàbí epo sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ náà, kí ó fi òmíràn lé e lórí, kí ó má ṣí ti àkọ́kọ́. Kí a wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá, kí ọkọ̀ náà sì wá bá a níbi tí ó wà, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé títì.