Ohun tí Màlúù Gbé Mì



Màlúù kì í ṣa oúnjẹ bí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ a máa fi ètè mú ewé tí ó wù ú. Ahọ́n ni màlúù fi ń kó koríko wọ ẹnu. Yóò kọ́kọ́ gbé e mì. Ìgbà tí ó bá sinmi ni yóò tó dá a padà sí ẹnu láti jẹ àpọ̀jẹ. Nítorí náà, bí ìṣó tàbí wáyà bá wà nínú koríko, yóò ti dé ikùn kí ó tó mọ̀.

Àpò mẹ́rin ni ó wà nínú ikùn màlúù. Irin a máa balẹ̀ sínú àpò kejì, èyí tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Ọkàn kò jìnnà sí ibẹ̀. Bí àpò náà ti ń fún ara rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ìṣó síwájú, títí yóò fi lu àpò náà jáde. Nígbà mìíràn, a gún ọkàn. Ẹran náà yóò tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, yóò máa kérora, yóò sì kọ oúnjẹ.

Ọ̀rá kì í gún nǹkan, ṣùgbọ́n kì í jẹrà nínú ikùn. Bí ó bá ti di òṣùṣù, kò ní bá ìgbẹ́ jáde mọ́. Ebi yóò wá máa pa màlúù tí ikùn rẹ̀ kún. Àwọn alápatà tí ń la ṣàkì mọ èyí dájú. Ní orílẹ̀-èdè Mauritania, ìjọba fi òfin de àpò ọ̀rá ní 2013. Ikú ẹran ọ̀sìn wà lára ohun tí ó fà á.

Àwọn darandaran kan ní Amẹ́ríkà a máa fún màlúù ní òòfà gbé mì, kí ó lè di irin mú nínú àpò kejì. Ṣùgbọ́n òòfà kò lè mú ọ̀rá.

Ẹni tí ó ju ìṣó sílẹ̀ kò yọ ọ̀bẹ sí ẹran ẹlẹ́ran, síbẹ̀ ẹran náà kú, olówó rẹ̀ sì pàdánù. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ́lé tán, ẹ ṣa ìṣó ilẹ̀. Bí ìnáwó bá parí, ẹ kó gbogbo ọ̀rá omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà Iléyá, ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó so ẹran mọ́ ibẹ̀. Ẹ má sì da ọ̀rá sí ààtàn tí màlúù ń jẹ̀ dé.

Kí Ọlọ́run Ọba fún yín ní agbára láti ṣe é.